Iyọ̀ Tí Wọ́n Fún Mi ní Ìlú Àwọn Ará Rọ́ṣíà

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, èmi nìkan ni mo lá odidi àpò iyọ̀ kan tán kí oòrùn tó yọ, odò ìlú wa sì gbẹ nítorí omi tí mo mu lé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ìsọmọlórúkọ ni, ní agboolé wa ní Ìwó, òórùn oyin àti àkàrà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló máa ń fi iyọ̀ kan ọmọ tuntun lẹ́nu, kí abọ́ tó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí mo bá ti tọ́ ọ wò lápá ọ̀tún, mo ti yọ́ bọ́ sápá òsì nìyẹn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ìyá Àgbà á wí, "ọjọ́ tó o bá dàgbà, ìwọ náà á di abọ́ yìí mú. Jókòó jẹ́ẹ́!"

Iyọ̀ yẹn ló kó mi sí wàhálà lọ́dún yìí. Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Oak Cliff lókè òkun, fi mọ́tò gbé mi lọ sí ìlú kékeré kan nínú àfonífojì, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti wá tẹ̀dó láyé àtijọ́. Oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Kò tíì sọ ẹni tí yóò sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bi í.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé wọn, ìyá arúgbó kan tó so síkáàfù gbé búrẹ́dì gbígbóná jáde, tòun ti iyọ̀ nínú abọ́ igi. Ó nà án sí mi. Orí mi dàrú. Iyọ̀ kẹ̀? Kí n tó mọ̀, mo ti ń wúre: "Iyọ̀ rèé o, ayé ọmọ yìí á dùn, ojú ò ní pọ́n ìyá ẹ̀!"

Ìyá náà tẹrí ba, ó ní, "Àmín," bí tiwa gan-an. Ìyẹn tún wá dà mí lórí rú pátápátá. Mo wò yíká. "Ọmọ ọ̀hún dà?"

"Grandpa, kò sọ́mọ o! Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níbí nìyẹn."

Iyọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. "Ti inú rẹ yẹn wá ńkọ́?"

Fọlákẹ́ fọwọ́ kan ikùn. "Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ."

Ọmọ ọdún méje ń wá bó ṣe máa lá iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Arúgbó tí mo dà yìí ń wá ẹnu ọmọ tí yóò fi iyọ̀ kàn.

Ti àpò iyọ̀, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé èmi ni mo fi ìdáhùn yẹn sí Fọlákẹ́ lẹ́nu. Ohun tó sọ ni, "Ká ṣì máa wò ó ná, Grandpa." Ṣùgbọ́n mo bu díẹ̀ nínú iyọ̀ náà sínú áńkáṣíìfù mi. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi títí dòní. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.