Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Jẹ Nílé Àna Mi

Èèrà ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá pé ara bàbá mi kò dá. Ìdí igi ọsàn kan lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlútítun ni ó ti máa ń tọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, bí oòrùn bá sì ti yọ, èèrà á ti bo ibẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá da omi ìrèké sílẹ̀. Ìyá mi rí i. Ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀ tí ó ń mu omi bí ilẹ̀ iyanrìn, tí ó sì ń rù. Ọkùnrin tí ó máa ń gun ọ̀pẹ mẹ́wàá kí oòrùn tó kan àtàrí wá di ẹni tí ń jókòó sinmi ní ìdí ọ̀pẹ kẹta.

Ìgbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́hùn-ún ni. Mo ti di olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbódìgò, kẹ̀kẹ́ ni mo sì fi ń wálé ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kì í ṣe ará ilẹ̀ wa, ohùn àwọn ará Ìbàdàn ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó fún wa ní oògùn oníhóró, ó sì ní kí a má gbójú lé e, pé ohun tí bàbá bá ń jẹ gan-an ni yóò pa á tàbí kí ó dá a sí. Kò gbọdọ̀ jẹ púpurú mọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ gààrì. Ògùrọ̀ kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni kí a máa sá, kí a lọ̀ ọ́, kí a máa fi rokà fún un, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Púpurú ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi, tí a fún, tí a mọ roboto bí orí ọmọ, tí a sì tò sórí àjà iná títí ara rẹ̀ fi dúdú. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha èèpo dúdú náà kúrò, a ó gún un, a ó kù ú, a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná. Òun ni a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, òun náà ni a fi ń ṣe àlejò. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà tán, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ Ìkálẹ̀ ni òun. Dókítà ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ilé, kò nira. Ìyá mi kò fi àṣẹ dókítà ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin bíi ti bàbá mi, ṣé inú ilé rẹ̀ nìkan ni ó ti ń jẹun? Alàgbà ìjọ ni. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìsìnkú, kò sí ìkórè tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Bí àgbàlagbà bá sì dé ilé ẹni ní ilẹ̀ wa tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ọ̀nà méjì péré ni à ń gbà túmọ̀ rẹ̀: ó ní onílé sínú, tàbí ó ń fura sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ tí a lọ lẹ́yìn tí a ti Òkìtìpupa dé, bàbá mi ní òun ti yó. Baálé ilé náà kò kí i dáadáa mọ́ fún oṣù méjì.

Èyí ni ó mú kí ó dá ọgbọ́n kan. A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú àwo kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè ìdí tí ìwọ àti bàbá rẹ fi ń jẹun pọ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ wẹ ọwọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ gé òkèlè kí onílé rí i. Yóò yí i nínú ọbẹ̀, yóò gbé e sókè, ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́nu dídùn ni bàbá mi. Bí ó bá ń pa ìtàn, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń wò ó bóyá ẹnu náà ń jẹ nǹkan. Nígbà tí ẹ̀rín bá bú, òkèlè náà á ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú àwo, èmi á sì gbé e mì. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ni òun máa ń ṣà jẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹmu wá, yóò fi ètè kan igbá, yóò sì nà án sí mi bí bàbá tí ń kẹ́ ọmọ.

A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Mo sanra. Ṣòkòtò tí mo dá ní Kérésìmesì kò wọ̀ mí mọ́ ní Àjíǹde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, wò mí láti òkè délẹ̀ níbi ìkórè kan, ó ní, "Ìwọ olùkọ́ yìí, oyún ta lo gbé?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò nígbà náà, èèrà ti dín ní ìdí ọsàn, dókítà sì ti yìn wá. N kò tún sún mọ́ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí ó yá, mo rí ọmọbìnrin kan. Ará Àjàgbà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé wa. Èmi àti òun gbọ́ ara wa yé, ó ku kí àwọn àgbà gbọ́.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ. Wọn á rán ẹnì kan tí ojú rẹ̀ kò hàn, yóò wá bí ẹni tí ó fẹ́ ra epo, yóò máa tú ìdí ilé yín wò. Ṣé wèrè kò sí níbẹ̀? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Àrùn tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ni wọ́n ń wá. Ìtọ̀ ṣúgà kò tíì ní orúkọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, mo sì rò pé àrùn tí kò lórúkọ ni yóò bani lẹ́rù jù. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ pé èèrà ń tọ ìtọ̀ bàbá mi lẹ́yìn, wọn á ká ẹní ọmọ wọn.

Mo bá bàbá mi ní ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí ará Àjàgbà kankan gbọ́ nípa àìsàn náà. Ó ní kò burú. Ọ̀rọ̀ kejì ni mo fẹ́ kí n lè gbé padà lónìí. Mo ní bí a bá dé Àjàgbà láti tọrọ ìyàwó, kí ó má ṣe pè mí sí ìdí àwo rẹ̀. Mo sọ fún un pé àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ọkọ ìyàwó ń jókòó sí, pé wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá rí mi tí mò ń jẹ lọ́wọ́ bàbá mi bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ti ń tì mí láti ìgbà díẹ̀. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo ti ń lo táì.

Ó wo epo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ewé nù ún.

"Kí ni kí n wá jẹ níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ díẹ̀, Bàbá. Ọjọ́ kan péré ni."

Ó ní ó dára.

Ní Àjàgbà, wọ́n ṣe wá lálejò dé góńgó. Bàbá ìyàwó mi jẹ́ ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó ní òun àti àna òun ni yóò jọ jẹun, kò sí ẹlòmíràn. Ìyá ìyàwó mi gbé púpurú wá, ó funfun, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ marúgbó dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹja yíyan ńláńlá. Mo jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mò ń wò wọ́n. Bàbá mi gé òkèlè kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ènìyàn pín àwo mọ ohun tí ó ń tán àti ohun tí kò tán.

"Àna mi," bàbá ìyàwó mi pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́, "ṣé òkèlè ẹyẹ lẹ ó máa gé ni? Ọmọbìnrin ni a fẹ́ fún yín o, kì í ṣe adìyẹ. Àbí ẹ rí nǹkan nínú ọbẹ̀ ìyàwó mi?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bàbá mi gbé ojú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ohun tí ó ń wá. Mo tẹ orí mi ba, mo ń bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa tún wòkè, ó ti ká ọwọ́ agbádá rẹ̀, ó sì ń jẹun bí ọkùnrin tí ó ti oko bọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún un bù, ó tún jẹ ẹ́. Ó mu ògùrọ̀ igbá mẹ́ta. Wọ́n yìn ín títí a fi kúrò níbẹ̀, pé èyí ni à ń pè ní àna, ẹni tí kò fura.

Ọjọ́ kan péré kọ́. Lẹ́yìn ìtọrọ ni ìdána, lẹ́yìn ìdána ni ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìgbéyàwó a lọ dúpẹ́. Ẹni tí ó ti jẹ àwo méjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ni yóò fi kọ̀ ní ọjọ́ kejì? Bí ìkórè bá dé ní Àjàgbà, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá rí àyè lọ, apẹ̀rẹ̀ púpurú á dé sí Ìlútítun, wọ́n á ní ti àna àwọn tí ó fẹ́ràn púpurú ni. Ìyá mi á gbé e pamọ́. Bí bàbá ìyàwó mi bá sì yà, ó di dandan kí púpurú náà jáde, kí bàbá mi sì jẹ ẹ́.

Ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ nígbà tí ìyàwó ti wọlé mi tán. Mo ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí bàbá fi ń rù, mo ní ibà ni.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni ó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i láìmọye ìgbà ni, tí yóò fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ tí yóò sì gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí ojú egbò náà kò pa dé. Ó ń jẹrà lọ sókè títí òórùn fi wọ inú ilé. A gbé e padà sí Òkìtìpupa. Wọ́n bi í ní ohun tí ó ti ń jẹ, ó ní oúnjẹ ilé ni, kò wò mí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn àna mi wá kí i. Ìyá ìyàwó mi gbé abọ́ dání, ó fi aṣọ funfun bò ó. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó rí púpurú. Kò mọ̀ pé a ń fi nǹkan pamọ́, ó kàn bá wọn wí bí ó ti yẹ, pé ṣé wọn kò mọ̀ pé oníṣúgà ni bàbá yìí, pé irú oúnjẹ yìí ni ó sọ ọ́ dà báyìí.

Ìyàwó mi ń wò mí. Ìyá rẹ̀ bi wá léèrè ẹni tí ó ti mọ̀ nínú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní èmi ni.

"Àgbagbà wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́," ó ní. "Bí o bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún mi, ṣé n kò ní bẹ́ ẹ? Ọwọ́ mi lo lò."

Bàbá mi sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó la ẹnu òun. "Èmi ni mo jẹ ẹ́," ó ní, "ó sì dùn." Ó fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó mi, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kọjú sí ògiri. Òun ni ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹni tí wọ́n rán láti wádìí wa ti gbọ́ pé ara bàbá kò yá nígbà kan, pé wọ́n ní ta ni kì í ṣàìsàn.

Bàbá mi lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, egbò ibi tí wọ́n gé kò sì jẹ́ kí ó padà wálé. Ní ọ̀sán kan tí ó ku èmi àti òun nìkan, mo bi í ní ohun tí ó ti ń jẹ mí láti ọjọ́ yẹn ní Àjàgbà. Mo ní bí ó bá ti pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ níṣojú gbogbo wọn, ǹ bá dìde. Kí ni kò jẹ́ kí ó pè mí?

Ó yà á lẹ́nu pé mo ń béèrè.

"O ní kí n má pè ọ́."

Mo dìde, mo ní mo ń lọ pọn omi wá fún un. Omi kún inú ife tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.