Ẹni Tó Ń Bá Bàbá Mi Sọ Ẹrù

Ọkọ mi, Sylvestre, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, á ní, "Ó wà níbẹ̀," bí ẹni pé iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ àlejò tó wá kí i tí kò fẹ́ lọ mọ́. Rédíò ló ń tún ṣe, nínú ìsọ̀ onípákó kan ní Dassa, létí títì tó lọ sí Paouignan. Láti Soclogbo títí dé Gbaffo, kò sí rédíò tó yadi tí wọn kì í gbé wá bá a. Ìjókòó ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó ti já bọ́ lórí àpáta nígbà èwe rẹ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò sì sàn tán. Ìrìn ni ó kórìíra jù láyé. Èmi Justine ìyàwó rẹ̀ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ orúnkún yìí.

Ní ọdún 1988, Révolution tí àwọn ológun dá sílẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ti rẹ gbogbo wa. Olórí ìpàdé á ké pé, "Prêt pour la révolution," ìyẹn ẹ múra sílẹ̀ fún Révolution, àwa náà á dá a lóhùn pé, "La lutte continue," ìjà ń tẹ̀ síwájú, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọdún yẹn ni wọ́n gbé ordinateur, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kan láti Cotonou wá sí ilé-iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú ní Dassa. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà pín sí: dígí tí wọ́n ń wò, àti àpótí irin wíwúwo kan tí orúkọ gbogbo àgbẹ̀ àti iye irúgbìn tó tọ́ sí oníkálukú wà nínú rẹ̀. Perpétue, ọmọbìnrin kan láti Gbaffo tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́ta, nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wọn ni camarade Ignace; camarade ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa pe ara wa nígbà Révolution. Ẹ̀rù olè ń bà á, ẹ̀rù ọ̀tá ìlú sì ń bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àpótí náà kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé-iṣẹ́ tí ewúrẹ́ lè fi orí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Abẹ́ ibùsùn òun, nílé òun ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ni kí ó máa sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n gbé e gòkè, ní òwúrọ̀ kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà àpáta yẹn, kẹ̀kẹ́ kò lè gbà á, orí ènìyàn ló kù. Orí ta ni wọ́n wá yàn? Ti bàbá mi.

Théodore ni orúkọ bàbá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ogún ọdún ni wọ́n fi wà lára àwọn mẹ́rin tó ń gbé ère Màríà nígbà ìrìnàjò ìsìn àwọn Kátólíìkì sí ihò àpáta Arigbo, ère náà kò sì mì rí léjìká wọn. Révolution kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà camarade Ignace kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìdí tí òun fi yàn wọ́n nìyẹn, àmọ́ gbogbo wa mọ̀. Inú mi dùn nígbà náà, n kò ní purọ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ògiri ni bàbá mi ń kọjú sí láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ yìí ló mú wọn dìde. Wọ́n hun òṣùká tuntun, wọ́n ń tètè wẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí bá wa jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Ní oṣù kẹta tí ẹ̀rọ náà dé ni dígí bẹ̀rẹ̀ sí ṣe wèrè. Orúkọ àgbẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì fi àmì tí kò sí nínú ìwé kankan parí. Àwọn ìlà á máa gbọ̀n, apá kan dígí á ṣókùnkùn. Nígbà mìíràn lẹ́tà kan ṣoṣo á kún ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Camarade Ignace wò ó títí, ó ní sabotage nìyí, pé ẹnìkan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ní ayé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn lọ, kí ìyá rẹ̀ máa béèrè rẹ̀ kiri. Ọwọ́ ta ló sì ń kan ẹ̀rọ náà bí kò ṣe ọwọ́ Perpétue?

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sylvestre, torí kò sí ẹlòmíràn. Kò rí inú ordinateur rí láyé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ̀, bí ó ti máa ń ṣe fún rédíò. Ó wo iná tó ń bọ̀ láti ara groupe amúnáwá, iná pé. Ó yọ okùn tó so dígí mọ́ àpótí, ó nù ún, ó tún kì í bọ ibẹ̀ pa dà, kò yí padà. Ó ní bí ó bá jẹ́ dígí ló bàjẹ́, kò yẹ kí lẹ́tà pa dà sípò nígbà tí òun bá fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ó ṣí àpótí. Àwọn pákó pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tò bí ìwé nínú àpò ọmọ iléèwé, èyí tí okùn dígí so mọ́ ni ó ń ya lẹ́tà sójú dígí. Carte ni Perpétue ní wọ́n ń pè é. Carte náà ti yọ díẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, kò ju sísanra èékánná lọ, ìdè irin tó yẹ kó mú un dúró kò sì sí níbẹ̀. Sylvestre fi gọ́ọ̀mù tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dán, ó tì í wọlé, ó gé rọ́bà lára bàtà àtijọ́ kan, ó fi há a. Gbogbo orúkọ pa dà sójú dígí. Perpétue sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wèrè náà tún dé. Sylvestre tún lọ, carte tún ti yọ. Ó fi wáyà so ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó tún yọ. Wàyí o, camarade Ignace sọ fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà mọ́. "Camarade," ó ní, "ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹnìkan ló ń ṣe é. Kọ rapport fún mi. Orúkọ ni mo fẹ́ rí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé." Ọjọ́ Ẹtì ni ó sọ èyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sylvestre wọ́ orúnkún rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ó fẹ́ rí ẹni tó ń kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó rí bàbá mi tí wọ́n ń bọ̀ lórí àpáta, ọrùn wọn nà ṣánṣán, ẹrù kò mì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé, wọ́n dúró síwájú tábìlì. Wọ́n dúró pẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ru ẹrù wíwúwo kì í dá a sọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ló ń bá a gbé e sílẹ̀, ọmọdé mọ èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, camarade Ignace sì ti ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí náà lójú ọ̀nà. Bàbá mi tẹ orúnkún, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹrù sì já lé tábìlì, gbì. Wọ́n fi ọwọ́ nu òkè rẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Sylvestre dé ilé, ó sọ fún mi pé jíjá yẹn ló ń yọ carte. Bí ó bá kọ òtítọ́, wọn á lé bàbá mi, bóyá wọn á tún pe tiwọn náà ní sabotage, ògiri ni wọn á sì pa dà kọjú sí. Bí ó bá dákẹ́, Perpétue ni wọn á mú. Mo ní kí ó kọ pé eku ni. Ó ní eku kì í tú wáyà. Mo ní kí ó sọ fún camarade Ignace pé kí wọ́n fún bàbá ní ẹni tí á máa bá wọn sọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń wá orúkọ, tí o bá sọ ìdí fún un, orúkọ ló máa gbọ́ níbẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé rapport lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun, Sylvestre, ni òun kò mọ iṣẹ́ náà tó. Pé òun kò há carte dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe òun ni. Camarade Ignace kà á fáyé gbọ́ ní ìpàdé, ó ní òun ò tíì rí aláìmọ̀ṣẹ́ irú èyí rí. Wọn kò mú un. Orúkọ rẹ̀ tó bàjẹ́ ti tó wọn.

Inú bí mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bàbá tèmi ló gbà là, síbẹ̀ inú bí mi sí i. Ṣé orúkọ rere kò sàn ju wúrà àti fàdákà lọ ni? Kí oṣù tó parí, Àlájì Ràmọ́nù tó ń ta aṣọ ti ń gbé rédíò rẹ̀ lọ sí Bohicon. Àwọn ará Soclogbo tẹ̀ lé e. Ìsọ̀ ọkọ mi dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Ó kàn ń jí ní ìdájí. Ó ti carte wọ ihò fún ìgbà ìkẹyìn, láti ọjọ́ náà ló sì ń fi igi tẹlẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, bí ẹni tó kàn ń kọjá. Bí bàbá mi bá dé, á wọlé tẹ̀ lé wọn, àwọn méjèèjì á sọ àpótí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà òjò, nígbà ọyẹ́, ọjọ́ tí orúnkún rẹ̀ wú bí iṣu. Ó sọ fún bàbá mi pé dókítà ní kí òun máa rìn. Ẹ̀rọ náà kò ya wèrè mọ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1990, Révolution parí, bí òjò tó ti ń dá díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Camarade Ignace di Monsieur Ignace. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wa ọkọ̀ wá láti Cotonou láti kó ẹ̀rọ náà lọ. Wọ́n gbé àpótí láàárín ara wọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, gbì, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Èmi, Sylvestre àti bàbá mi dúró lábẹ́ máńgòrò, òṣùká wà lọ́wọ́ bàbá.

Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ tán, bàbá mi yíjú sí ọkọ mi.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "kò sí dókítà kankan, àbí?"

Sylvestre ní kò sí.

Bàbá mi mi orí. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n na òṣùká sí mi, wọ́n fa igi ìtẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé apá rẹ̀ lé èjìká ara wọn, èjìká tó gbé Màríà fún ogún ọdún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí mú un lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń sunkún, mo sì gbé òṣùká náà dání.