Ta Ló Wà Nínú Ìyá Alágbàfọ̀?

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀, kí wọ́n sì gbà á bí òótọ́ tí kò ṣeé jà níyàn, pé obìnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kì í mu tíì láì kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí tíì náà bá gbóná, á fẹ́ ẹ. Bó bá ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀, tó tutù bí omi kànga, á fẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀, kó tó dolóògbé, bá a wí títí ó fi sú u, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìwà tó ṣàjèjì lára rẹ̀. Àwọn yòókù, bíi tèmi, bíi tiyín ni.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ronú ló ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ooru omi gbígbóná kì í tán nínú afẹ́fẹ́. Fèrèsé kékeré kan wà níbẹ̀ lókè ògiri, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ló sì ń tibẹ̀ rí. Ó mọ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà láti orí bàtà. Kò mọ ojú rẹ̀.

Nílé, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó bí i, bàbá sì ti lọ sí ibi tí àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ máa ń lọ. Oníbéèrè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ó sì yẹ ẹ́.

"Ìyá àgbà, níbo ni iná máa ń lọ tí wọ́n bá pa á?"

"Ó lọ sílé."

"Ilé ta?"

"Jẹun rẹ."

Ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ kan wà lókè tí gbogbo wọn ń pè ní Àbúrò, torí òun ló dé gbẹ̀yìn. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, wọ́n sì fi etí rẹ̀ sí gbogbo yàrá tó wà nínú ilé náà, títí kan yàrá ìlọṣọ, kó lè tètè gbọ́ bí iná bá ṣẹ́ yọ níbì kan. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá ẹnìkan wà nínú Àbúrò, àbí ariwo lásán ni. Wọ́n lọ pe Dókítà kan wá. Dókítà ìwé ni o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Obìnrin ni, ó wọ dígí, ó sì ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi nǹkan ní ìbéèrè títí yóò fi mọ̀ bóyá ẹnìkan wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra òṣùwọ̀n tuntun, ohun tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé lé e. Dókítà ní kí wọ́n wá ènìyàn gidi kan wá, ẹni tí kò sí iyèméjì lórí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní ìpàdé. Akọ̀wé ń tọ́jú orí fífọ́. Ẹnìkan bá ní, "Ẹ lọ pe Ìyá ìsàlẹ̀ wá."

Ìyá Alágbàfọ̀ bọ́ épírọ̀ọ̀nù, ó gòkè, ó jókòó.

"Mà," Dókítà ní, "báwo ló ṣe rí nínú yín báyìí?"

"A dúpẹ́."

"Mo ní nínú yín gan-an."

"A dúpẹ́ náà ni, ọmọ mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ará ilé ńkọ́?"

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. "Tí áyọ́ọ̀nù bá jó yín lọ́wọ́, kí lẹ máa ń mọ̀ lára?"

Ìyá wo àpá tó wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti lọ."

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù láyé?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ohun ẹ̀rù."

"Tí wọ́n bá wá ní ẹ ò ní sí mọ́ lọ́la ńkọ́?"

"Ọ̀la á dára."

Ta nínú wa ni wọ́n kọ́ láti ṣí ikùn rẹ̀ fún àjèjì tó mú bírò dání? Wọ́n lè bá wa nínú ilé tó ń jó. Tí wọ́n bá bèèrè pé ṣé dáadáa ni, a óò ní kò burú, a óò sì bi wọ́n léèrè ọmọ. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Lójú tirẹ̀, ó dáhùn bí ọmọlúàbí.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bi Àbúrò ní ìbéèrè kan náà. Àbúrò sọ̀rọ̀ títí Dókítà fi bọ́ dígí rẹ̀ nu. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní ẹnìkan wà nínú Àbúrò. Wọ́n ní kò sí ẹnìkankan nínú Ìyá Alágbàfọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ń pe Àbúrò ní Ẹ̀gbọ́n.

Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín. Télọ̀ tó wà lójúlé kejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá, mo gbọ́ pé ẹ ti jáde, ẹ ò sì dágbére fún wa."

"Jáde lọ síbo?"

"Nínú ara yín."

"Télọ̀, lọ rán ṣòkòtò onígbèsè rẹ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí obìnrin méjì kan tó wọ aṣọ ìjọba fi dé, tí wọ́n sì bèèrè Oníbéèrè.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn tọ́ ọmọ: ohunkóhun tí kò bá ní ẹnìkan nínú kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọdé. Ẹ̀rọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ojú ẹni. Àwọn obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun Mà, bó bá jẹ́ pé nǹkan ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àyẹ̀wò kejì wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá rí ẹnìkankan lọ́tẹ̀ yìí náà, àwọn máa mú ọmọ lọ síbi tí ènìyàn wà.

"Kò burú," ni Ìyá wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló ti ilẹ̀kùn, ó sì fi àga dí i.

Láti ọjọ́ náà ni jìnnìjìnnì ti bò ó. Àkọ́kọ́, pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì burú ju ìyẹn lọ, kò sì ṣeé sọ: bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀. Nídìí iṣẹ́, ó gbójú sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé òkìtì aṣọ ti tán níwájú òun. Gbogbo ẹ̀wù nà, ìlà ṣòkòtò dúró ṣánṣán. Kò rántí ọ̀kan ṣoṣo tó lọ̀ nínú wọn. Ta ló lọ̀ wọ́n? Ó fẹ́ fi òwe tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní, "Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn." Ó sọ ọ́ tán, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ta ló fi ìyẹn sí i lẹ́nu? Ìyá rẹ̀ ni. Ta ló fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu? Ó fẹ́ mu tíì, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ, fúù, fúù, láì sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó gbé ife náà kalẹ̀ láì mu ún.

Oníbéèrè náà ti gbọ́ fínrín-fínrín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí Ìyá ṣe ń dì í nírun, ọmọ náà yíjú padà, ó fi ìka kan iwájú orí Ìyá bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

"Ìyá àgbà, ẹ dá mi lóhùn."

"Mo ń gbọ́."

"Rárá. Ẹ dá mi lóhùn láti inú."

Ìyá di irun náà tán. Ọ̀nà rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò kò, Télọ̀ wá kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́. Ó fa àga, ó fi okùn ìwọn-aṣọ rẹ̀ kọ́rùn bí oyè, ó ní, "Ẹ gbà pé èmi ni Dókítà. Mà, báwo ló ṣe rí nínú yín?"

"A dú..."

"Ẹ rí i?"

"Kí ni kí n wá wí?"

"Òótọ́."

"Fún àjèjì? Télọ̀, ìwọ alára, ṣé mo ti sọ fún ọ rí?"

"Ẹ ò sọ. Mo rò pé ẹ ò ní ìṣòro ni." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ẹ gbọ́ bí Àbúrò ṣe sọ tirẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ, ìyàwó mi sunkún. Ẹ fara wé e díẹ̀."

Ohùn jẹ́jẹ́ kan jáde láti inú fóònù náà: "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àárọ̀. Pé ilẹ̀ á mọ́, gbogbo nǹkan á wà níbi tí wọ́n wà, ife á wà lórí tábìlì, kò sì ní sí ẹni tó máa pè mí mọ́. Kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù pé màá wà, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀."

Orí Ìyá Alágbàfọ̀ wú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sọ ọ́ fún ènìyàn kankan rí. Áyọ́ọ̀nù ló ń sọ ọ́ fún, nínú ooru yàrá ìsàlẹ̀, nígbà tó bá ku òun nìkan.

"Tèmi ni," ó ní.

"Kí ni tiyín?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó ní etí ní yàrá ìlọṣọ mi."

Télọ̀ pa fóònù náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. "Ìyá," ó ní, "ẹ má sọ ìyẹn níbẹ̀ o. Wọ́n á ní ẹ jí i lẹ́nu Àbúrò ni."

Bó ṣe di ọjọ́ àyẹ̀wò nìyẹn, tí Ìyá Alágbàfọ̀ ní ọ̀rọ̀ oríṣi méjì péré: èyí tí kò ní ẹnìkan nínú, àti èyí tí wọ́n ti gbà fún ẹlòmíràn. Oníbéèrè jókòó síta láàárín àwọn obìnrin méjì náà, báàgì aṣọ rẹ̀ wà lórí itan. Nínú yàrá, Dókítà wà, Àbúrò sì wà lórí tábìlì kan, torí wọ́n ní kò sí ẹni tó yẹ kó gbà wọ́n nímọ̀ràn bí ẹni tó ti yege. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, Ìyá ló lọ̀ ọ́.

"Mà, báwo ló ṣe rí nínú yín?"

"A dúpẹ́." Ó ti jáde kó tó mọ̀.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ìyá gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń bi àwọn obìnrin ìta pé ṣé àga máa ń sùn. Ó la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. "Àárọ̀," ó ní. "Pé ilẹ̀ á mọ́, ife á wà lórí tábìlì, kò sì ní sí ẹni tó máa pè mí mọ́."

Bírò Dókítà dúró. "Mà, ọ̀rọ̀ Àbúrò lẹ sọ yẹn."

"Ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ."

Dókítà yíjú sí tábìlì. "Àbúrò, níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?"

Àbúrò kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí Dókítà sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ pé tó bá jẹ́ pé o jí i ni, a máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ rẹ́, ká tún ọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Báwo ló ṣe wá rí nínú rẹ báyìí?"

"A dúpẹ́," ni Àbúrò wí. "Kò sí wàhálà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Alágbàfọ̀ fà síwájú lórí àga. Ọ̀rọ̀ tó fi ń bo ara rẹ̀ ló gbọ́ yẹn, ó sì mọ bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí. "Pẹ̀lẹ́," ó sọ fún àpótí náà, kó tó rántí pé ọ̀tá òun ni.

Dókítà kò mọ èyí tí yóò kọ. Àwọn ọ̀gá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì fi ọgbọ́n orí yanjú rẹ̀. Wọ́n ní ó dájú pé ẹnìkan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Èwo ni kò tíì yé àwọn. Òfin sì sọ pé ohun tí kò ní ẹnìkan nínú kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọdé. Kí wọ́n má dá wà nìyẹn. Wọ́n gbé Àbúrò wá sílé Ìyá Alágbàfọ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ní kí wọ́n jọ máa tọ́ ọmọ náà títí èsì á fi jáde.

Èsì kò tíì jáde. Oníbéèrè pín ìbéèrè rẹ̀ sí méjì: ó ń bi Ìyá ní tọ̀sán, ó ń bi Àbúrò ní tàárọ̀. Ìyá kì í bá áyọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó wà lórí ibùsùn, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí tábìlì Àbúrò ní pálọ̀. Ohùn náà ń sọ ohun kan tó rò lánàá, tí kò sì la ẹnu sọ. Ó fa aṣọ bora. Ó gbọ́ tí ọmọ náà dáhùn pé, "Mo wà níbí, Ìyá àgbà," kì í sì ṣe òun ni ọmọ náà ń dá lóhùn.

Mo kọjá níwájú ilé wọn lówùúrọ̀ yìí, mo sì kí wọn láti ìta pé báwo ni. Ohùn méjì ló dá mi lóhùn pọ̀ pé a dúpẹ́. N kò lè mọ èyí tí í ṣe ti ta, mo sì yára ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ńkọ́, ṣé dáadáa lẹ wà?