Bí Mo Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Iná Èkó

Mo rántí ìgbà tí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi jókòó. Kì í ṣe pé ẹja ò tíì jinná. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ.

Àwa tí a bá ọba wa sá kúrò ní Èkó, nígbà tí àgbá òyìnbó ń dún lórí ọ̀sà, a mọ ohun tí ojú wa rí. Ìyá mi ò bá wa wá. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń sáré wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, pé òun yóò ṣọ́ ilé. Inú ọkọ̀ ni mo wà tí mo fi rí iná tó ń jó àdúgbò wa. Ibẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Mo ń sọ ọ́ fún apẹja, mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó wá fọn iná lọ. Mo mọ ibi tí olùgbọ́ ti gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀. Bí kò bá mí, n óò padà sẹ́yìn, n óò tún un sọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a jọ ń yan ẹja, kò ní sùúrù fún irú èyí. “Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilé yẹn jó ní Èkó. Ìwọ lò ń dáná sun ún lójoojúmọ́ níbí. Wo ẹja wa!” Ẹja ti di èédú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọmọbìnrin mi, tí kò fojú kan Èkó rí, láàárín àwọn ọmọdé, tó káwọ́ lérí: “Iná ń jó ìyá mi o!” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí èéfín bá ti rú nídìí ààrò, yóò dì mọ́ mi, yóò máa gbọ̀n. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo tọ Àfáà lọ.

Ó ní, “Bí ìrántí náà bá dé, má bá a jà. Ṣe àdúrà fún ìyá rẹ, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí o padà sídìí iṣẹ́ rẹ.”

Lójú mi, oògùn náà kéré sí àìsàn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo tẹ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbá òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wúkọ́ lẹ́yìn mi.

“Ìyàwó, ṣé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, tí o fi ń rò ó fún Un láti ìbẹ̀rẹ̀?”

Ẹ̀rín pa mí lórí ẹní, ẹkún sì tẹ̀lé e. Nígbà tí mo nu ojú tán, gbólóhùn díẹ̀ ló kù: “Ọlọ́run, O mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ìyá mi.”

Mo ń sọ ọ́ nídìí ààrò débi pé àwọn oníbàárà rò pé ẹja ni mo ń ṣàdúrà fún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ọmọ mi fi sún mọ́ iná, tó ń bá mi yí ẹja.

Ìgbà tó dàgbà díẹ̀ ló bi mí pé, “Ìyá, kí ni ìyá yín máa ń ṣe bí inú wọn bá dùn?”

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo lanu, mo ń retí iná, ṣùgbọ́n èjìká ìyá mi ni mo rí, bó ṣe ń fi í jó pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, tí iyán ń dúró dè é. Mo dìde, mo jó o fún ọmọ mi.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí ìyá mi lọ báyìí. Iná náà ṣì máa ń yọjú. N óò ṣe àdúrà mi, yóò sì kọjá. Ìyá mi kì í bá a lọ mọ́.