Àpótí Òkúta Tó Wọ Ilé Àwọ̀n

Ní Ayétòrò ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní nǹkan tirẹ̀. Ohun yòówù tí o bá gbé wọ̀lú, yàrá ẹrù gbogbo ìlú ló ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, torí òun ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Lọ́dún ìdánwò àṣekágbá mi, mo gbé àpótí òkúta kan bọ̀ wálé. Olùkọ́ mi ló yá mi. Ìkarahun aláwẹ́ méjì ló wà lára òkúta wọ̀nyí, àwọn ẹ̀dá inú òkun tí eérú òkè oníná bò mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un, tí wọ́n fi di òkúta. Ilẹ̀ méjì tí agbami pín níyà ni wọ́n ti ṣà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n jọra bí ìbejì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun kò lè rin agbami já. Èmi ni mo fẹ́ fi hàn pé òkun kan náà ló pa ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ rí. Láìsí òkúta wọ̀nyẹn, kò sí ìdánwò.

Mo gbé àpótí kalẹ̀ ní yàrá ẹrù, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, ó ti ṣófo. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ tiwa. Ẹni tó rí òkúta níbẹ̀ ti rí ohun tí yóò fa àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ omi. Mo bá àwọn tó kó o ní ilé àwọ̀n, ìyá mi láàrin wọn. Wọ́n ti tú amọ̀ sísun tí wọ́n ń lò dànù, wọ́n ti so òkúta mi mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n, ọkọ̀ ń dúró.

“Ẹ má kó o lọ! Tèmi ni!”

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọmọdé gan-an kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílùú wa. Ojú kò tì mí o; inú ló ń bí mi.

Ìyá mi gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀.

“Ọma mi, ìwọ tí mo bí, èmi ò pè ọ́ ní tèmi. Mo gbé ọ fún gbogbo ìlú kí o lè kàwé. Ṣé òkúta wá wọ́n jù ọ́ lọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lójú ẹsẹ̀, ìyá mi ti ń fi eyín tú okùn òkúta àkọ́kọ́. Àwọn yòókù jókòó tì í, èmi náà jókòó. A tú gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n omi ti fà, ọkọ̀ kò lè lọ sókun mọ́.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo Ayétòrò, ìlú apẹja, fi ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja jẹ púpurú, kí èmi lè ṣe ìdánwò. Kò sẹ́ni tó kùn. Èmi nìkan ni kò lè gbé e mì.