Orí Tó Ṣáájú Mi Dáyé

Òòyà dúró láàárín irun mi. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí mò ń gbọ́ ni bó ṣe ń họ awọ orí mi, àti ohùn ládàánì tó ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún ìyá àgbà tó ń dirun fún wa ládùúgbò. Ìka rẹ̀ ń rùn fún àdí.

"Kí lo wí?"

Mo rò pé kò gbọ́ ni. "Mo ní mo kórìíra orí burúkú yìí, Ìyá. Ẹ bá mi dì í kó má hàn."

Ìpàkọ́ mi yọ sẹ́yìn. Olórí-Ìkòkò ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Nígbà tó yá, èmi náà ń pe ara mi bẹ́ẹ̀ níwájú dígí, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí ẹnì kankan má baà wà lẹ́yìn mi. Ìrísí orí náà ni mo ní lọ́kàn. N kò mọ̀ pé àyànmọ́ mi ni mo ń bú.

"Nígbà tí wọ́n bí ẹ, kí ló kọ́kọ́ jáde?"

"Orí ni."

"Ó jù ẹ́ lọ nìyẹn. Àgbà lo bú. Gbọ́wọ́ lé e, kí o bẹ̀ ẹ́."

Mo gbọ́wọ́ lé e. "Orí, má bínú."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Orí, ẹ má bínú." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. "Àwọn tó fẹsẹ̀ jáde ńkọ́, Ìyá?"

"Ìgè nìyẹn. Kó lọ máa bẹ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Sùkú ló dì fún mi, ó kó gbogbo irun lọ sókè, ìpàkọ́ mi wá hàn gbangba. Ó fọwọ́ pa á bí ẹní ń pa orí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì pè mí ní Olórí-Ìkòkò. Èmi ni kò pe ara mi bẹ́ẹ̀ mọ́.

N kò lè sọ pé ìyẹn wò mí sàn. Mo ti jáde yunifásítì báyìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo sì ń wáṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, wọ́n fi iṣẹ́ tí mo gbọ́kàn lé fún ẹlòmíràn. Mo dúró níwájú dígí, èébú ti dé ètè mi. Ìyá tó ń dirun fún wa náà ti kú. Àárò orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló ń sọ mí, àti ti òórùn àdí yẹn.

Mo gbọ́wọ́ lé ìpàkọ́ mi. "Ẹ má bínú."

Mo wá dákẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe kí àgbà lè dáhùn.