Aṣọ Mẹ́kà Bàbá Mi

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní yàrá bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, kí òórùn ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo tó gba ojú fèrèsé wọlé. Inú àpótí onírin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni káfúrà yẹn wà, ó ń ṣọ́ aṣọ funfun méjì tí bàbá mi ró lọ́jọ́ Arafa. Wọ́n ti rì í bọ omi Mẹ́kà. Aṣọ tí a máa fi sin wọ́n nìyẹn; gbogbo ọmọ ló mọ̀, gbogbo àlejò ló sì gbọ́. Àwọ̀n àti okùn ni bàbá mi ń tà fún àwọn apẹja, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan aṣọ yẹn, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn wọn bíi tírà, wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ rọra o." Èmi ni mo fowó ara mi rán wọn lọ sí Mẹ́kà. Jọ̀ọ́, ní ìyẹn lọ́kàn kí o tó dá mi lẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ti Ìkòròdú wá kí wọn. Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀ tí aládùúgbò wa kan tó ń yan ẹja fi ké sí mi láàárín èéfín: "Àǹtí Ìkòròdú, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ ti gbọ́ pé aṣọ Mẹ́kà Àlájì ti di ti Ìlàjẹ?" Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi gbé apẹja Ìlàjẹ kan lọ, oníbàárà bàbá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi rí òkú rẹ̀, ọ̀sà ti bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí èbúté, èrò pé lé e lórí, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró ìdí ara rẹ̀ láti fi bò ó. Bàbá mi ò lè wo ìyẹn. Bàbá tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n sáré mọ́, wọ́n sáré wálé, wọ́n ṣí àpótí.

Mo ka ẹ̀sùn mi sí wọn létí lẹ́sẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì. Wọn ò bi mí. Wọn ò bi àfáà. Apẹja náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àtìyàwó rẹ̀ ń lọ. Aṣọ mìíràn sì kún ilé: agbádá wà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí mo rà fún Iléyá wà, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

"Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yẹn ní òdòdó lára," ni bàbá mi wí. "Ṣé òdòdó ni kí n fi bo odindi ọkùnrin?"

"Bàámi, aṣọ Mẹ́kà ni!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e bọ̀."

"Kí la máa wá fi sin yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti ń kánjú ni? Òun ti kú tán. Èmi ṣì ń jẹ ẹ̀bà."

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́rùn wọn mọ́. Mo béèrè, wọ́n ní àwọn ò rántí ibi tí àwọn jù ú sí. Yàrá tí wọ́n máa ń tì kí wọ́n tó lọ kírun, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, wọ́n lọ, wọn ò wẹ̀yìn.

Mi ò gbà. Mo ra òmíràn ní Ìkòròdú, mo bẹ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa tó ń lọ sí Mẹ́kà kó bá mi rì í bọ omi níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé Ẹ̀pẹ́, bàbá mi fọwọ́ kàn án, wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n wá ní, "Bá mi gbé e sọ́dọ̀ ara rẹ. Mi ò tún fẹ́ ohun tí màá máa ṣọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kú, mo gbé aṣọ náà sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ bíi pé ènìyàn ni. Tírélà kan ti ṣubú dí ọ̀nà lẹ́yìn Ìtòíkín. Mò ń pariwo mọ́ àbúrò mi ọkùnrin lórí fóònù: "Ẹ dúró dè mí o!" Òun náà ń sọ pé, "Àǹtí mi, àfáà ní a ò lè pẹ́ jù báyìí."

Nígbà tí mo fi dé, òórùn káfúrà tí wọ́n fi wẹ̀ wọ́n ti gba gbogbo ilé. Wọ́n ti di wọ́n tán nínú aṣọ funfun kan tí mi ò rí rí. Lẹ́bàá ògiri, opó apẹja yẹn jókòó láìwọ bàtà. Àbúrò mi ní obìnrin náà ló gbé aṣọ náà wá. Ó rà á láti fi rán sùtánà tuntun fún ìkórè, kò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀.

Mo fa àfáà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àfáà, Kristẹni ni obìnrin yẹn o."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Aṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Títí di òní, mi ò tíì fagi lé ẹ̀sùn mi: ó yẹ kí wọ́n bi mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó. Ní Arafa, olówó àti tálákà, aṣọ kan náà ni wọ́n ń ró. Nínú ìjọ obìnrin yẹn, gbogbo wọn ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wọ funfun. Ẹ̀kọ́ kan náà ló jọ pé wọ́n kọ́ bàbá mi àti obìnrin yẹn, àwọn méjèèjì sì gbà á gbọ́ ju bí mo ṣe lérò lọ.

Aṣọ tí mo rà ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, nínú àpótí onírin bàbá mi tí mo gbé kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tí màá fún. Kí n sọ òótọ́, mi ò tíì wá a. Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni mo ti yọ àgádágodo tí mo fi sí i. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá nílò rẹ̀, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni màá máa wá.